Agogo Tó Ń Dún Lẹ́yìn Mi

Ọjọ́ Sunday ni màámi máa ń pè. Tí wọ́n bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ti tú gèlè, tí wọ́n ti gbé omi ẹ̀bà kaná, wọ́n á jókòó sórí àga ike tó wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì wa l'Ápáta, wọ́n á pè mí lórí WhatsApp. Wọn kì í ṣe fídíò torí wọ́n ní dátà máa ń tètè tán, èmi náà ò sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é, torí ká ní wọ́n rí mi ni, wọ́n á rí aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tó wà lọ́rùn mi, wọ́n á rí páálí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́yìn mi, wọ́n á ní irú ṣọ́ọ̀ṣì wo nìyẹn.

Torí ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àṣàkẹ́, ṣé ẹ ti jáde ìsìn ni?"

"Ó kù díẹ̀ mà."

Agogo á dún lẹ́yìn mi. Màámi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní "Hẹn, mo ń gbọ́ agogo yín. Má kúrò lẹ́yìn Ọlọ́run níbẹ̀ yẹn o."

Ó lé ní ọdún kan tí mo fi pa irọ́ yẹn. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo wà, níbi iṣẹ́ mi, nínú kọ́rídọ̀ gígùn kan tó máa ń rùn ọṣẹ àti ọbẹ̀ tòmátì inú agolo, agogo tí màámi sì ń gbọ́ ni bẹ́ẹ̀lì tí àwọn arúgbó máa ń tẹ̀ látorí ibùsùn tí wọ́n bá fẹ́ kí ẹnìkan wá bá wọn. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí, ṣé mo gbádùn ìwé tí mo lọ kà, mo máa ń ní ó dáa, ó sì dáa lóòótọ́, mi ò ní sọ pé kò dáa. Àmọ́ tí mo bá jókòó jẹ́ẹ́ tí mo ń ronú sí ọdún yẹn, agogo yẹn ló máa ń kọ́kọ́ dún sí mi létí kí n tó rántí pé mo gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí owó, torí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti hù.

Ní 2022 ni mo gba admíṣọ̀n láti lọ ka Public Health ní Leeds, Masters ọlọ́dún kan. Ọjà Gbági tuntun ni màámi ti ń ta aṣọ, Áńkárá ló pọ̀ jù nínú ọjà wọn, pẹ̀lú léèsì díẹ̀. Bàámi ti di olóògbé. Ìjọba Bìrìtìkó fẹ́ rí owó ilé-ìwé, wọ́n tún fẹ́ rí owó oúnjẹ oṣù 9, £1,023 lóṣù kan fún ẹni tí ò bá ní gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, £9,207 lápapọ̀, owó náà sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 láì yẹsẹ̀. Fíísà fúnra ẹ̀ £363. Owó ìlera £705, torí fíísà mi á lò tó oṣù 16, ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n sì ṣírò ẹ̀ sí. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ tún wà lọ́tọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú wà lọ́tọ̀. Màámi ta plọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ṣoṣo tí bàámi fi sílẹ̀ l'Ákóbọ̀, wọ́n yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n gba àjọ tí kò tíì kàn wọ́n, àbúrò wọn ọkùnrin fi díẹ̀ sí i. Gbogbo ẹ̀ náà ló tún ku £4,000 owó ilé-ìwé tí a máa san tó bá di ìparí.

Ní Múrítàlá, lẹ́nu ibi tí ẹni tí ò rìnrìn àjò ò lè kọjá mọ́, màámi gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà títí tí àwọn tó wà nítòsí fi ń bá wa ṣe àmín. Wọ́n ní, "O ò ní fojú sunkún níbẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ la ó máa gbọ́." Mo ṣe àmín tọkàntọkàn, mi ò mọ̀ pé ẹrù ni mo gbé sórí yẹn. Torí tí wọ́n bá ti ṣàdúrà báyẹn lé ẹ lórí, tí wọ́n tún ta ilẹ̀ bàbá ẹ, báwo lo ṣe fẹ́ pè wọ́n ní November kí o ní màámi, mo sunkún lánàá? Á dà bíi pé ò ń sọ fún wọn pé àdúrà wọn ò gbà. Nítorí náà, dáadáa ni mo wà, kò sí wàhálà, a dúpẹ́.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin Queen Elizabeth ni mo balẹ̀, September 20. Ohun kan tó múnú mi dùn ní àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, tí mo ṣì máa ń rántí, ni pé aago Leeds àti aago Ìbàdàn dọ́gba. Tí aago mẹ́ta bá lù lọ́dọ̀ mi, aago mẹ́ta ló lù lọ́dọ̀ màámi, mo lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an ní ìṣẹ́jú yẹn, pé wọ́n ti ń jẹ ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù, pé wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Ìgbà tó di October 30 ni wọ́n yí aago padà sẹ́yìn, wákàtí kan ṣoṣo péré, àmọ́ ó ṣe mí bíi pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni òkùnkùn dé. Ní December, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù oòrùn ti wọ̀, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń mọ́. Snow tí gbogbo èèyàn ń béèrè, ọjọ́ àkọ́kọ́ ló dùn.

Àwọn ará Leeds ní ìkíni kan, tí wọ́n bá pàdé ẹ wọ́n á ní "You alright, love?" Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo rò pé wọ́n ń bi mí ni. Obìnrin kan kí mi báyẹn nínú ilé ìtajà, mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ara mi ń gbóná díẹ̀ láti àárọ̀, kí n tó dé ìdajì ọ̀rọ̀ ó ti kọjá lọ. Ó dùn mí lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tó yá ni mo wá rò ó pé àwa náà ń ṣe é, ṣé dáadáa ni, a dúpẹ́, ilé ńkọ́, wọ́n wà, ọmọ ńkọ́, ó ń kí yín. Ọmọ lè wà ní ọsibítù o. Tí a bá ti dáhùn pé a dúpẹ́ báyìí, kò sẹ́ni tó tún máa bi wá sí i, ilẹ̀kùn ti wà ní títì.

Nínú kíláàsì, orúkọ ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. Olùkọ́ wa kan, obìnrin tí irun ẹ̀ ti funfun bí òwú, tó dájú pé ó ju màámi lọ, dúró lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní kí a máa pe òun ní orúkọ òun, orúkọ àbísọ gangan. Ẹnu mi ò gbà á. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ni mo fi ń yí orúkọ yẹn ká, tí mo bá fẹ́ bi í ní nǹkan mo máa nawọ́ sókè títí ojú ẹ̀ á fi bá mi, tí mo bá fẹ́ kọ íméèlì mo máa ń kọ "Good morning Ma", ó sì máa ń dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ẹ́sè àkọ́kọ́ tí mo kọ, 52 ni mo gbà, 50 ni wọ́n sì fi ń yege. Èmi tí mo ṣe dáadáa ní Ìbàdàn. Olùkọ́ yẹn kọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ pé mo ti sọ ohun tí gbogbo àwọn onímọ̀ sọ, kò sì sí ohun tó burú nínú ẹ̀, àmọ́ òun ò tíì gbọ́ ohun tí èmi rò. Mo ka gbólóhùn yẹn tó ìgbà mẹ́wàá. Ohun tí èmi rò? Níbi tí mo ti wá, tí o bá dá ohun tí olùkọ́ sọ padà fún un bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, o ti yege, tí o bá ní tìẹ yàtọ̀, o fẹ́ bá àgbà jà nìyẹn. Wọ́n ń ní kí n tako ẹni tó ti ń kọ̀wé kí wọ́n tó bí mi. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé mo ní ohun kan tí mo mọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nínú yàrá yẹn: màámi kì í mu omi ní ọjà. Láti aago mẹ́jọ tí wọ́n bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù títí di ìrọ̀lẹ́, wọn ò ní mu omi, kì í ṣe pé òùngbẹ ò gbẹ wọ́n, ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń sá fún. Àwọn obìnrin tó yí wọn ká náà bẹ́ẹ̀. Mo dàgbà bá a ni, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ ìwé ni. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì, ohùn mi ń gbọ̀n, gbogbo yàrá dákẹ́, olùkọ́ yẹn ní "Kọ ìyẹn."

Òun ni mo kọ. Òun ni dissertation mi, ìwé ìwádìí tí a fi ń parí ẹ̀kọ́, dá lé, àwọn obìnrin ọjà, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo gba àṣẹ ìwádìí, mo fọ̀rọ̀ wá àwọn obìnrin 12 lẹ́nu wò lórí fóònù, màámi ló bá mi bẹ àwọn tó gbà láti sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Màámi sọ fún mi pé ìgbà tí oyún mi wà nínú àwọn, ìgbẹ́ ẹ̀yìn ọjà ni àwọn ń lọ, pé òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn ṣubú. Wọ́n sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ta aṣọ. Mo pa fóònù, mo jókòó. Òun ń sọ òótọ́ ayé ẹ̀ fún mi, èmi ń sọ fún un pé mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ yẹn, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni fíísà akẹ́kọ̀ọ́ fàyè gbà, Saturday wákàtí 8, Sunday wákàtí 12, ó pé. Ẹ́jẹ́nsì kan ló fi mí síbẹ̀. À ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó, à ń pààrọ̀ aṣọ wọn, à ń fi ẹ̀rọ gbé ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé mọ́ látorí ibùsùn bọ́ sórí àga, à ń po ìyẹ̀fun kan mọ́ tíì kó lè ki torí àwọn míì ò lè gbé omi tó ṣàn mì, ó máa gba ọ̀nà èémí lọ. Nílé, a mọ ohun tí wọ́n ń pe iṣẹ́ yẹn. "Ó lọ ń nu ìdí òyìnbó." Wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ níbi àpèjẹ, mo ti gbọ́ ọ kí n tó lọ, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó sì ń dùn mí títí dòní pé mo rẹ́rìn-ín. Ìran tó ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, kí ló wá fi ń tijú ìtọ́jú arúgbó?

Ìyá kan wà ní yàrá kẹjọ. Òun ló máa ń tẹ agogo jù. Iyè ẹ̀ ti ń ra, tí o bá débẹ̀ ohun kan náà ló máa bi ẹ́, ṣé bọ́ọ̀sì ti dé? Ó rò pé òun ń lọ síbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ aránṣọ Burton tó wà ní Hudson Road ló ti ṣiṣẹ́ nígbà tó wà lọ́mọge, níbi tí nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 10 èèyàn ti ń rán kóòtù àti ṣòkòtò nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbóná jù. Àwọn kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sọ fún un pé kò sí bọ́ọ̀sì, pé ó ti fẹ̀yìn tì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Èmi máa ń sọ fún un pé kò tíì dé mà, ẹ jẹ́ ká mu tíì dè é.

Sunday kan, mo fi ìborí Áńkárá kékeré kan wé irun mi, èyí tí màámi fi àjákù aṣọ rán fún mi. Mo tẹ̀ síwájú láti gbé ìrọ̀rí ẹ̀ sókè, ló bá na ọwọ́ mú etí ìborí náà. Ọwọ́ ẹ̀ máa ń gbọ̀n o, kò lè mú ife dáadáa, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn kò gbọ̀n. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ra á, ó wo ojú rírán, ó wá yí i padà láti wo inú. Ìyá mi gan-an nìyẹn. Ní Gbági, tí wọ́n bá mú Áńkárá wá fún màámi, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n ra á láàárín ìka, kí wọ́n yí i padà, torí wáàsì gidi, bí iwájú ẹ̀ ṣe tàn ni ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe ń tàn. Ìyá yẹn wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó mi orí, ó ní ẹni tó rán èyí mọṣẹ́. Mo tẹrí ba bẹ́ẹ̀ títí ọrùn fi ń dùn mí, mi ò fẹ́ kó fi í sílẹ̀.

Àárín ìgbà yẹn náà ni mo bá orúkọ kan pàdé. Mo ń kọjá lórí Leeds Bridge, lórí odò Aire, mo rí àmì róbótó aláwọ̀ búlúù lára ògiri, irú èyí tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ibi tí ẹni ńlá kan bá gbé rí. David Oluwale, 1930 sí 1969. Ẹsẹ̀ mi dúró fúnra ẹ̀. Olúwálé! Orúkọ ilé wa, nínú òtútù, lórí afárá òyìnbó. Mo délé mo kà nípa ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Èkó ni wọ́n ti bí i. Ní 1949 ó sá wọ ọkọ̀ ojú omi kan, ó bọ́ sílẹ̀ ní Hull, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọjọ́ 28 torí pé kò san owó ọkọ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Leeds, nígbà tó yá wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, ó lo ọdún bíi mẹ́jọ níbẹ̀. Nígbà tó jáde kò nílé mọ́, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn. Àwọn ọlọ́pàá méjì kan dojú kọ ọ́, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń lé e kiri lóru, ní 1969 wọ́n yọ òkú ẹ̀ nínú odò yẹn. Ní 1971 àwọn méjèèjì fojú ba ilé ẹjọ́, wọ́n ṣẹ̀wọ̀n torí lílù tí wọ́n lù ú, àmọ́ kò sẹ́ni tí wọ́n dá lẹ́bi fún ikú ẹ̀. Àmì tí mo rí yẹn gan-an, ìkejì ni, wọ́n jí àkọ́kọ́ gbé láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n kàn án ní April 2022.

Nílé, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ Leeds, Ṣóyínká ló máa dárúkọ fún mi, pé láti Ìbàdàn ló lọ síbẹ̀ ní 1954, pé èmi náà ń tẹ̀lé ọ̀nà ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ní 1954 tí Ṣóyínká ń gbé ìwé kiri yunifásítì, Oluwale wà nínú ọsibítù, ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń pè ní tiwọn. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀ fún mi rí. Wálé túmọ̀ sí pé ó ti dé ilé. Ẹni tí wọ́n sọ ní wálé kò wálé mọ́, ilẹ̀ Leeds ló wà títí dòní. Ohun tí kò jẹ́ n sùn lóru ọjọ́ yẹn ni ìyá ẹ̀. Ṣé ó máa ń retí lẹ́tà? Tí wọ́n bá bi í lọ́jà pé ọmọ yín tó wà lókè òkun ńkọ́, kí ló ń dáhùn, àbí ó ń ní a dúpẹ́? Mo sọ fún ara mi pé mo máa sọ òótọ́ fún màámi tó bá di Sunday. Sunday dé, agogo dún, wọ́n ní ẹ kú ìsìn o, mo ní ẹ ṣé mà.

June 2023 ló wá burú jù. Ìgbà yẹn ni báǹkì àgbà Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye ara ẹ̀ lọ́jà. Dọ́là tó jẹ́ nǹkan bí 470 ní iye ìjọba kọjá 660 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, June 14, kí oṣù tó parí ó ti kọjá 700, pọ́n-ùn náà sì ń gòkè tẹ̀lé e. Owó tí màámi ti ń kó jọ láti oṣù mẹ́jọ fún £4,000 tó kù wà nínú àkáǹtì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kó o sí, kóbọ̀ kan ò kúrò níbẹ̀, àmọ́ kò tó mọ́. Wọ́n pè mí lọ́jọ́ Wednesday. Wọn kì í pè lọ́jọ́ Wednesday. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ta ẹ̀rọ ìlọta àti fíríìjì, kí n ní sùúrù fún àwọn. Mi ò gbọ́ kí màámi bẹ̀ mí rí láyé mi.

Mo ti ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ yẹn. £10.42 ni wákàtí kan, nígbà tí a ń kọ dissertation pàápàá wákàtí 20 yẹn ò yí padà fún àwa tí a ń ka Masters, torí náà kò sí bí mo ṣe lè fi kún un. Mo kó kúrò ní yàrá mi, èmi àti ọmọ Abẹ́òkúta kan jọ ń gbé yàrá kan, ìrẹsì àti ẹ̀wà agolo ni mò ń jẹ, mo san owó náà tán. Mo wá pe màámi pé kí wọ́n má ta nǹkan kan mọ́, pé ilé-ìwé ti bá mi dín owó kù torí mo ṣe dáadáa. Mo rò pé irọ́ kékeré tó máa tù wọ́n lára ni. Sunday tó tẹ̀lé e, wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n wọ léèsì, wọ́n kó àwọn ọ̀rẹ́ wọn láti ọjà lẹ́yìn, wọ́n ń jó lọ síwájú pẹpẹ, wọ́n gba gbohùngbohùn, wọ́n jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti fọwọ́ kan ọkàn àwọn òyìnbó nítorí ọmọ àwọn. Gbogbo ìjọ ń kígbe halelúyà. Nínú kọ́rídọ̀ ni mo ti wò ó. Agogo yàrá kẹjọ ń dún, mi ò lè gbé ẹsẹ̀.

Mo yege. 68 ni dissertation mi gbà. Ní November, kí n tó wọ gáùn, wọ́n ṣí ère kan ní Leeds fún Oluwale, Yinka Shonibare ló ṣe é, òdòdó hibiscus ńlá kan tó ga ju ilé alájà méjì lọ, wọ́n kùn ún ní ọnà Áńkárá láti ìdí dé òkè. Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí màámi, mi ò sọ ìtàn ẹ̀. Wọ́n fèsì pé "Aṣọ yìí dáa, yáàdì mélòó ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún, lójú ọ̀nà gbangba, ẹnì kan ní "You alright, love?" Mo ní rárá. Ó dúró. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, ó dúró tì mí títí mo fi nu ojú mi tán.

January 2024 ni mo padà sílé, fíísà mi ti fẹ́ẹ̀ tán. Àwọn èèyàn ní mo ya wèrè, pé ọdún méjì wà tí ìjọba wọn fún ẹni tó bá kàwé tán láti fi wáṣẹ́, kí ló dé tí mi ò gbà á. Èmi mọ ohun tí mo kà àti ibi tí mo ti fẹ́ lò ó.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú màámi ní Gbági, à ń ká aṣọ. Ọmọkùnrin kan tó ń ta áísíkirímù lórí kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú wa, ó ń tẹ agogo. Màámi gbórí sókè, wọ́n ní "Ó dún bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì yín."

Mo ní màámi, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ilé arúgbó, aṣọ búlúù, £4,000, ìjẹ́rìí tí wọ́n lọ jẹ́. Wọn ò dá mi dúró, wọn ò sì dẹ́kun aṣọ kíká, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ, wọ́n ń ká a. Nígbà tí mo dé ibi ìjẹ́rìí, ọwọ́ wọn dúró díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọlọ́run tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ mọ ibi tí owó ti wá." Wọ́n tún ń ká aṣọ lọ. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

"Ta ló máa ń tẹ agogo yẹn?"

Mo sọ fún wọn nípa ìyá yàrá kẹjọ, nípa bọ́ọ̀sì tí kò dé, nípa ìborí àti bó ṣe yí i padà wo ẹ̀yìn ẹ̀.

"Ó wo ẹ̀yìn ẹ̀?"

"Ó wò ó mà."

"Ṣé ó bímọ?"

"Ó bí méjì. Ọ̀nà wọn jìn."

Màámi gbé aṣọ tí wọ́n ti ká sórí pẹpẹ, wọ́n mú òmíràn. "Tó bá wá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ta ló ń dá a lóhùn?"

Mo ní àwọn tí a jọ ṣiṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á máa dá a lóhùn. Wọ́n wò mí lójú.

"Bá mi pè wọ́n níbẹ̀, kí n kí i."

"Nísinsìnyí, mà?"

"Rárá. Tó bá di Sunday. Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé."